Ìyá Ìbejì fẹ́ gun òkè, ọkọ ẹ̀ ní: "Ta ni wọ́n máa pè bí o bá ṣubú?"

Ìjà tó wà láàárín Bàbá Ìbejì àti ìyàwó ẹ̀ ní Manchester, nílùú ọba lọ́hùn-ún, kì í ṣe ìjà àlè, kì í sì í ṣe ìjà owó ilé. Nítorí ẹ̀rọ kan ni, ẹ̀rọ kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí sìgá lọ. Odindi oṣù mẹ́ta ni tọkọtaya náà fi fa ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, tó fi di pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́, àwọn ará Ìbàdàn náà gbọ́, tí kálukú sì ń dá sí i bí ẹni pé òun ló fẹ́ sanwó ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Ìbejì, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ọkọ ẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì alẹ́. Kó tó di ọdún 2020, kò sẹ́ni tó lè sọ pé obìnrin yìí máa gun òkè láyé ẹ̀. Nígbà tó wà n'Íbàdàn, láti Mọ́kọ́lá dé Sábó lásán, takisí ló máa wọ̀. Àmọ́ lọ́dún tí kòrónà dé yẹn, ohun tójú ẹ̀ rí ní wọ́ọ̀dù kì í ṣe kékeré. Oorun dá lójú ẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan ló ní kó jẹ́ káwọn jọ máa lọ rìn lórí òkè lọ́jọ́ tí kò bá síṣẹ́. Ó tẹ̀ lé wọn lẹ́ẹ̀kan, ó sùn bí ọmọ tuntun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Ìyá tó bí i ṣì wà n'Íbàdàn. Mama rò pé orí òkè àdúrà lọmọ àwọn ń lọ, wọ́n sì máa ń fi ohun tí wọ́n fẹ́ kó bá wọn bá Ọlọ́run sọ ránṣẹ́ sí i. Ẹ ò lè dá mama lẹ́bi. Nílẹ̀ Yorùbá, bí èèyàn bá gun òkè, àdúrà ló lọ gbà, àbí oko ló ń lọ, àbí ogun ló lé e débẹ̀ bíi tàwọn Ẹ̀gbá tó sá sábẹ́ Olúmọ. Pé kéèyàn gùn ún, kó jẹ búrẹ́dì lórí ẹ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn ò yé wọn. Àmọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe é ti ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 2019 ni Rhiane Fatinikun dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tí irú orúkọ ìdílé bẹ́ẹ̀ ti wá.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni Sátidé ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá. Òkè Helvellyn, tó ga ní mítà 950 lágbègbè tí wọ́n ń pè ní Lake District, lòun àtàwọn méjì kan lọ. Ó ti sọ fún ọkọ ẹ̀ pé tó bá máa fi di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òun á ti pè. Kùrukùru bo orí òkè, wọ́n ṣìnà, apá kejì òkè ni wọ́n sọ̀ sí, níbi tí fóònù kankan ò ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sẹ́ni tó fara pa. Kò sẹ́ni tébi pa pàápàá. Wọ́n kàn rìn títí ilẹ̀ fi ṣú ni, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì débi tí wọ́n ti ń ta tíì ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Bàbá Ìbejì ńkọ́? Kó tó di aago mẹ́jọ, ó ti pe pásítọ̀, ó ti pe àbúrò ìyàwó ẹ̀ ní London, ó ti pe Ìbàdàn. Mama ti kó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà jọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, èyí obìnrin, tó wà ní yunifásítì ní Leeds, ti ń sunkún. Ẹni tó yẹ kí wọ́n pè gan-an ni wọn ò pè. Nílùú ọba, 999 ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n á ní ọlọ́pàá làwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á wá sọ pé Mountain Rescue làwọn ń wá. Àwọn yẹn, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn èèyàn tó níṣẹ́ tiwọn lọ́wọ́ ni, tíṣà, kápẹ́ńtà, dókítà, tí wọ́n á fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí tábìlì láti lọ wá ẹni tí wọn ò mọ̀ rí lórí òkè, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá yọ. Nínú gbogbo ìpè mẹ́tàdínlógún tí Bàbá Ìbejì pè lálẹ́ ọjọ́ náà, 999 ò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ délé, kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba obìnrin náà. Ó kàn jókòó jẹ́ẹ́, ó ní: "Ìyá Ìbejì, o ò ní í pa mí." Ó wá là á mọ́lẹ̀ pé kò sí òkè kankan mọ́, àfi tó bá ra ohun tó máa fi ké sáwọn èèyàn níbi tí fóònù ò bá ti lọ.

Obìnrin náà gbà. Ó nídìí tó fi gbà kíákíá. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti ń gbèrò láti lọ sílẹ̀ Scotland nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sí Cairngorms, kí wọ́n gun Ben Macdui, òkè tó ga ṣìkejì ní gbogbo ilẹ̀ ọba, mítà 1,309, kí wọ́n sì sun oorun ọjọ́ méjì nínú àgọ́. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn á ti máa retí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó wọ̀, ọmọkùnrin tó ń tajà gbé nǹkan kan wá, ó ní bíkìn nìyẹn. Bíkìn ni lóòótọ́, àmọ́ tàwọn tí yìnyín ya lù mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá wà nítòsí, tóun náà gbé irú ẹ̀ dání, ló lè fi wá ẹni tó wà lábẹ́ yìnyín, agbára ẹ̀ kì í sì í tó ọgọ́rùn-ún mítà. Orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́, iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. Ẹni tí kò bá béèrè dáadáa á gbé e lọ sílé, á máa rò pé òun ti ra olùgbàlà.

PLB ni wọ́n ń pe èyí tí Ìyá Ìbejì ń wá. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Èèyàn á fa áńtẹ́nà ẹ̀ jáde, á tẹ bọ́tìnnì kan, á gbé e síbi tó ti rójú sánmà kedere. Ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí 406 MHz, sátẹ́láìtì á gbọ́ ọ, á sọ ọ́ kalẹ̀ fáwọn tó ń ṣọ́ ọ. Nílùú ọba, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, HM Coastguard, ló ń gbà á, àwọn ló sì máa ta àwọn tó sún mọ́ ibi tọ́rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ lólobó. Èyí tó bá ní GPS nínú á sọ ibi tẹ́ni náà wà gẹ́lẹ́. Dandan ni kó lè ké fún wákàtí 24, ó kéré tán. Ó tún ń ké lórí 121.5 MHz, èyí ni hẹlikópítà máa ń tẹ̀ lé bí ajá ṣe ń tẹ̀ lé òórùn, títí táá fi bá ẹni náà níbi tó wà. Nǹkan bíi 200 sí 300 pọ́n-ùn lowó ẹ̀, kò sí owó oṣooṣù kankan lẹ́yìn ìyẹn. Kó tó di ọdún 2012, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò tiẹ̀ gbà káwọn èèyàn lò ó lórí ilẹ̀, àwọn tó ń rin ojú omi àtàwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún.

Ìtàn ẹ̀ dùn-ún gbọ́. Lóṣù kẹwàá ọdún 1972, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan gbé aṣòfin Amẹ́ríkà méjì, Hale Boggs àti Nick Begich, ní Alaska, ó sì pòórá. Ọjọ́ 39 ni wọ́n fi wá wọn, wọn ò rí egungun, wọn ò rí páànù. Nígbà tó di ọdún 1979, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ayé ìgbà yẹn, Soviet Union, tí wọ́n kọjú bọ́ǹbù síra wọn, jọ fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Canada àti Faransé pé àwọn á jọ máa fi sátẹ́láìtì gbọ́ igbe ẹni tó wà nínú ewu. Cospas-Sarsat ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́dún 1982, sátẹ́láìtì àwọn ará Rọ́ṣíà ló gbọ́ igbe ọkọ̀ òfuurufú kan tó já ní British Columbia, ní Canada, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n sì yọ láàyè. Àwọn tí kì í kí ara wọn ló ṣe nǹkan tó dáa tó báyẹn. Nàìjíríà náà wà nínú ẹ̀ lónìí, ọ́fíìsì NEMA l'Ábùjá ló ń gba ìpè náà níbẹ̀. Bàbá Ìbejì ní tí ìyàwó òun bá wá gbé e lọ sí Òkè Ìdànrè ńkọ́? Wọ́n á gbọ́ ọ o. Pé wọ́n gbọ́ lọ̀tọ̀, ẹni tó máa gun àtẹ̀gùn wá lọ̀tọ̀.

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, ó yẹ kó ti parí, kí wọ́n rà á. Àmọ́ Bàbá Ìbejì ò ní í nà 250 pọ́n-ùn kó má kọ́kọ́ wá tòkunbọ̀. Ó rí ọ̀kan. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ ní àna òun tó ń tu ọkọ̀ ojú omi l'Ámẹ́ríkà ló lò ó, ó fẹ́ tà á ní 60 pọ́n-ùn. Ó gbé e wálé tayọ̀tayọ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sórí tábìlì. Ìyá Ìbejì yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, bó ṣe máa ń yí ẹ̀yìn páálí oògùn wò ní wọ́ọ̀dù kó tó fún aláìsàn. Ọjọ́ tí bátìrì ẹ̀ máa kú wà níbẹ̀, ó ku oṣù mẹ́rin.

"Bàbá Ìbejì, ẹ wò ó."

"Ṣé a ò lè ra bátìrì ẹ̀ lọ́jà ni?"

Kì í ṣe bátìrì rédíò. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ ẹ̀, kí omi má báa rọ́nà wọ inú ẹ̀, owó ẹ̀ sì lè sún mọ́ ti tuntun. Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Nọ́ńbà kan wà nínú ikùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, òun ló máa ń sọ orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ náà ti wá àti ìwé tí wọ́n kọ orúkọ olówó ẹ̀ sí. Èyí tí wọ́n gbé wálé yìí, Amẹ́ríkà ni ìwé tiẹ̀ wà. Tí obìnrin náà bá tẹ̀ ẹ́ ní Scotland, orúkọ atukọ̀ kan lódìkejì òkun ni wọ́n máa bá nínú ìwé, fóònù atukọ̀ ni wọ́n sì máa pè. Ẹni náà á gbé e, á ní inú ilé lòun wà, òun ń jẹun. Mọ́tò tòkunbọ̀ dáa, fíríìjì tòkunbọ̀ dáa. Tí èyí ò dáa. Wọ́n dá a padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó le jù, ibẹ̀ sì ni Bàbá Ìbejì ti sọ òdodo tó pọ̀ ju bí ìyàwó ẹ̀ ṣe fẹ́ gbà lọ. Ó ní òun ti wo PLB yẹn dáadáa, nǹkan kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sọ: "Ẹ gbà mí!" Kò lè sọ pé "mo ń bọ̀ o, mo kàn pẹ́ ni." Lóòótọ́, àwọn tuntun kan wà tí iná kékeré máa tàn lára wọn láti fi han ẹni tó tẹ̀ ẹ́ pé wọ́n ti gbọ́, sátẹ́láìtì Galileo tàwọn ará Yúróòpù ló ń ṣe ìyẹn láti ọdún 2020, àmọ́ ẹni tó wà lórí òkè niná yẹn ń tàn fún. Ẹni tó wà nílé ò rí nǹkan kan. "Lọ́jọ́ Helvellyn yẹn," Bàbá Ìbejì ní, "ṣé wàá tẹ̀ ẹ́?" Ìyàwó ẹ̀ ní rárá, kò sẹ́ni tó fara pa, kéèyàn tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò sí ewu, ẹ̀ṣẹ̀ ni. "Ó dáa," ọkọ ní, "nígbà náà, èmi náà á ṣì pe pásítọ̀."

Èyí tóun fẹ́ ni irú inReach tí Garmin ń ṣe, tó ń lọ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí sátẹ́láìtì Iridium, lálọ-lábọ̀. Èèyàn lè fi sọ pé òun ti dé orí òkè, òun ti ń sọ̀ bọ̀, kílé máà mikàn. Ó ní bọ́tìnnì SOS náà. Ìyá Ìbejì ní òun ti kà nípa ẹ̀, tóun bá tẹ SOS ti ibẹ̀ yẹn, Texas ló kọ́kọ́ ń lọ, l'Ámẹ́ríkà, káwọn yẹn tó pe Scotland padà. Ọkọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ẹ̀rín, ètò náà ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń jókòó tì í ní Texas ò sùn tọ̀sán-tòru, wọ́n sì lè máa bá ẹni tó fara pa fọ̀rọ̀ wérọ̀ títí àwọn olùrànlọ́wọ́ á fi dé. Ìyẹn, PLB ò lè ṣe é.

Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ni pé owó oṣooṣù ọdún márùn-ún á ju owó ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀ lọ, àti pé chájì ló ń fẹ́ bíi fóònù. Ta ni ò mọ̀ ọ́n nínú ilé yẹn? Obìnrin tí fóònù ẹ̀ máa ń kú ní ìdákọ́ọ̀kan lójoojúmọ́. Bátìrì PLB, ó lè lo ọdún márùn-ún sí méje nínú báàgì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, á ṣì jẹ́ ìpè lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò ẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin ní kí màmá òun kúkú ra iPhone tuntun, pé láti iPhone 14 ni wọ́n ti ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọdún 2022. Ó dáa, ẹni tó bá ti ní in, kó mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n fóònù kan náà ni wọ́n fi ń wo máàpù, tí wọ́n fi ń ya fọ́tò, òtútù orí òkè sì máa ń jẹ bátìrì fóònù bí eku ṣe ń jẹ ẹ̀wà.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ẹnu nọ́ọ̀sì ló ti jáde. Ó ní: "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin ń ro ọjọ́ tí mo bá pẹ́. Èmi ń ro ọjọ́ tí mo bá ṣẹ́sẹ̀. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gbé dé wọ́ọ̀dù wa láti orí òkè. Ọwọ́ wọn á ti kú fún òtútù, awò ojú wọn á ti fọ́, orí wọn á máa yí. Irú wọn ò lè tẹ lẹ́tà lórí fóònù. Bọ́tìnnì kan ni mo fẹ́, èyí tí mo lè fi eyín fà." Bàbá Ìbejì ò rí èsì fọ̀. Ní ti ọjọ́ tó bá pẹ́, obìnrin náà ní òun á fi ìwé sára fíríìjì kóun tó jáde: ọ̀nà tóun fẹ́ gbà, orúkọ àwọn táwọn jọ lọ, aago tóun máa pè, àti aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ pe 999 tí wọn ò bá gbọ́ ohùn òun. Pásítọ̀ ò sí nínú ìwé náà. Ìwé lásán, kò ná wọn ní kọ́bọ̀, ká sì ní ó wà lára fíríìjì lọ́jọ́ Helvellyn ni, mama Ìbàdàn ì bá ti sùn.

Ó ra PLB náà, tuntun, owó àpò ẹ̀ ló fi rà á.

Àṣé ìjà gidi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kéèyàn fi orúkọ PLB sílẹ̀ lọ́dọ̀ HM Coastguard, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ni ín, wọ́n á wá kọ fóònù àwọn tí wọ́n lè pè tí ẹ̀rọ náà bá ké. Àwọn tó bá gbọ́ igbe náà máa ń pe nọ́ńbà yẹn láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, bóyá ẹni náà jáde lọ sórí òkè lóòótọ́, èèyàn mélòó ni wọ́n, ṣé ó láìsàn kan lára. Ìdáhùn gidi lè ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Ìyá Ìbejì kọ nọ́ńbà ọmọ ẹ̀ tó wà ní Leeds síbẹ̀, ó kọ ti àbúrò ẹ̀ ní London. Ó tì í pa.

Bàbá Ìbejì rí i. "Èmi ọkọ ẹ ńkọ́?"

Obìnrin náà ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ọkọ òun kì í gbé fóònù. Ojúmọmọ ló ń sùn nítorí iṣẹ́ alẹ́, ó máa ń pa fóònù kú. Nígbà tó bá sì wà ní títàn, nọ́ńbà tí kò bá lórúkọ, kò ní í gbé e láéláé. Ó ti gbà pé àwọn méjì ló ń fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pe èèyàn nílùú ọba: àwọn tó fẹ́ ta nǹkan, àtàwọn ará ilé tó fẹ́ gbowó. Ọdún kẹjọ rèé tó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. "Ẹ̀ṣọ́ etíkun á pè yín nígbà mẹ́ta," ìyàwó ẹ̀ ní, "ẹ ò ní í gbé e, ẹ tún lè ti nọ́ńbà wọn pa."

Ọjọ́ méjì ni ọkùnrin náà ò fi bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ nínú ilé. Lọ́jọ́ kẹta, ó ra fóònù kékeré kan, èyí tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì lára ẹ̀, ó ra káàdì tuntun sí i, ó sọ pé ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà náà àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orí òkè. Ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé e sí tó bá ń sùn. Ìyá Ìbejì ṣí ìwé náà padà, ó kọ nọ́ńbà yẹn sókè pátápátá, ju ti ọmọ ẹ̀ lọ.

Wọ́n lọ sí Scotland, wọ́n gun Ben Macdui, wọ́n bọ̀. Áńtẹ́nà PLB ò kúrò níbi tí wọ́n ká a sí. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta náà, fóònù kékeré yẹn dún lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, ẹnì kan ló fẹ́ mọ̀ bóyá mọ́tò ti gbá Bàbá Ìbejì láìpẹ́ yìí, kóun lè bá a gbowó gbà-má-bínú. Ìkejì, ìbátan ẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tí kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe rí nọ́ńbà náà. Ọkùnrin náà gbé méjèèjì kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.